Lẹ́tà sí Ẹ̀gbọ́n Wa Tó Fẹ́ Fi Owó Wáàfù Ra Igbó

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú oríire ilẹ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí owó tán lápò yín o, nítorí ohun tí ẹ dáwọ́ lé yìí, yóò jẹ owó kó tó jẹ koríko.

Mi ò ní dárúkọ yín. Ẹni tó bá ti bá yín gbé ní Ajégúnlẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì ń fẹsẹ̀ rìn láti Boundary lọ sí Wáàfù, ìyẹn èbúté Apapa, láràárọ̀, tó bá rí ìwé ìpolówó tí ẹ ń fọ́n káàkiri, yóò ti mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Fún àwọn tí kò mọ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀: ẹ̀gbọ́n wa jẹ́ ọmọ Ajégúnlẹ̀ tó fi iṣẹ́ klíà kọ̀nténà lówó ní Apapa, tó kó lọ sí GRA, tó sì ti pinnu báyìí pé òun, ìyàwó òun àtàwọn ọmọ òun fẹ́ ṣí oko ìgbafẹ́ sí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Oko ìdílé ni. Èèyàn á sanwó lẹ́nu géètì, á gẹṣin, á pẹja, á sùn nínú àgọ́, á sì yìnbọn pa ẹran. Wọ́n ní ránṣì ni wọ́n ń pe irú rẹ̀ lókè òkun. Inú wa dùn sí i, ẹ̀gbọ́n. Inú wa dùn débi pé mo jókòó láti kọ lẹ́tà yìí síta, kí gbogbo ayé lè bá wa dùn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé ìpolówó yẹn. Ọmọkùnrin kan ló fi lé mi lọ́wọ́ ní Boundary bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ìwé náà ń dán gbinrin. Ẹ ò fi owó ìtẹ̀wé ṣahun rárá. Ọkùnrin òyìnbó kan ló wà níwájú rẹ̀, ó dé fìlà gbàgẹ̀rẹ̀ tàwọn darandaran Amẹ́ríkà, ó jókòó sórí ẹṣin, ẹran kan tí ìwo rẹ̀ pẹ̀ka sọ́tùn-ún sósì sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, irú ẹran yẹn kò sí nígbó Ẹ̀pẹ́. Kò sí nígbó Yorùbá kankan. Ìgalà tiwa ní ìwo méjì tó lọ́ díẹ̀, akọ nìkan ló sì ń hù ú. Ẹtu tiwa, ìwo rẹ̀ kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Ẹran tí ìwo rẹ̀ ń pẹ̀ka yẹn, Yúróòpù, Éṣíà àti Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, ìkángun àríwá lọ́hùn-ún, lágbègbè Algeria àti Tunisia, nìkan ló ti jẹ́ ẹran ìbílẹ̀.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé àwọn tí ẹ fi ṣe àwòkọ́ṣe kò fi ti ara wọn yangàn tó bẹ́ẹ̀. Ní Texas, oko kan wà tí wọ́n ń pè ní YO Ranch. Ìdílé Schreiner ló dá a sílẹ̀ ní 1880, ó sì wà lọ́wọ́ wọn fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Màlúù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí owó màlúù ò tó ná mọ́, wọ́n kó ẹran láti òkè òkun wá, wọ́n tú wọn sínú igbó oko wọn, wọ́n sì ní kí olówó wá yìn wọ́n níbọn. Ẹran ilẹ̀ Áfíríkà wà lára wọn. Ẹ wò ó, ẹ̀gbọ́n: ará Texas ń fi ẹran ọ̀dọ̀ wa pa owó, ẹ̀yin wá lọ ya ẹran ọ̀dọ̀ rẹ̀ sórí ìwé láti fi tan ará Ajégúnlẹ̀. Ẹ ní kí atẹ̀wé yín yọ ọ́ kúrò. Bí wọn ò bá rí àwòrán ìgalà, ẹ ní kí wọ́n ya ọ̀yà. Kò sẹ́ni tí yóò bínú sí ọ̀yà.

Ẹ kú ètò ìdílé náà. Ẹ̀yìn ìwé ni mo ti kà á: ẹ̀yin ni alága, ìyàwó wa ni akápò, àkọ́bí yín ló ń bójú tó ìpolówó, èyí àárín ló ni ẹṣin, àbígbẹ̀yìn sì ni ọ̀gá ààbò. Ọ̀gá ààbò! Ẹ̀gbọ́n, gbogbo wa la mọ àbígbẹ̀yìn yín. Alángbá ló lé e kúrò níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ àbúrò yín. Mi ò sọ pé kí ọmọ má bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́. Àwa Yorùbá la mọ iṣẹ́ ìdílé: ìdílé alágbẹ̀dẹ wà, ìdílé onílù wà, ìdílé ọdẹ náà sì wà. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdẹ kì í gba oyè kó tó mọ igbó. Ó máa ń tẹ̀ lé bàbá rẹ̀, á ru àpò, á gbé ẹran, á kọ́ ewé, á kọ́ ipa ẹsẹ̀, á mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá kí ẹran má baà gbóòórùn òun. Ọ̀pọ̀ ọdún ni yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó fi ìbọn lé e lọ́wọ́. Àwọn ọmọ tiyín ti gba káàdì ìdánimọ̀. A kí wọn kú oríire.

Ọ̀rọ̀ ìbọn yìí gan-an ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé àlejò yóò ṣe ọdẹ “gẹ́gẹ́ bí baba ńlá wa.” Baba ńlá ta ni, ẹ̀gbọ́n? Mo béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ ìdí ọ̀rọ̀ yín, ohun tí mo gbọ́ ni pé ilẹ̀ yín kò tóbi, ẹ sì fẹ́ fi wáyà yí i po. Ọ̀yà àti ehoro lẹ máa rà lọ́wọ́ àwọn tó ń sìn wọ́n, ẹ ó tú wọn sílẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, àlejò á sì máa yìnbọn lù wọ́n lọ́wọ́ ọ̀sán. Ọ̀yà tí wọ́n bí sínú àgò, tó mọ ohùn ẹni tó ń fún un lóúnjẹ, tí kò rí koríko tó dúró lóòró rí láyé rẹ̀! Bó bá gbọ́ ẹsẹ̀ èèyàn, yóò rò pé oúnjẹ ti dé, yóò sì máa bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ wá ní kí wọ́n yìnbọn pa á kí wọ́n ya fọ́tò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orúkọ baba ńlá ẹnikẹ́ni sí i. Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pẹran kò ní fẹ́nì kan jẹ. Àlejò yín ò ní ìṣẹ́ kankan tí yóò rò. Ojú oorun ni yóò ti wá, ìrẹsì gbígbóná ni yóò sì padà lọ jẹ.

Òfin náà tún wà ńbẹ̀. Láti 1959 la ti ní òfin ìbọn ní Nàìjíríà, kò sì gbà kí ẹnì kan gbé ìbọn láìní ìwé àṣẹ. Ẹ kọ ọ́ pé àlejò kò ní láti mú ìbọn wá, pé ẹ ó yá a ní tiyín. Ẹ̀gbọ́n, ṣé kẹ̀kẹ́ ni? Ẹ fẹ́ fi ìbọn lé bàbá kan lọ́wọ́ tí kò ṣe ju kó tẹ fóònù lọ láti Mọ́ńdè títí di Fúráìdé, pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké lẹ́yìn rẹ̀, lábẹ́ ìṣọ́ ọ̀gá ààbò tó ń sá fún alángbá. Èmi ò ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí oko náà. Ẹ fi oúnjẹ mi ránṣẹ́.

Kí ẹ má baà rò pé mo kàn fẹ́ fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn tó ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú yín, nínú ilẹ̀ adúláwọ̀ níhìn-ín, tó sì yọrí.

Ní 1979, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Clark àti Robert Lungren, ọmọ míṣọ́nnárì, bẹ̀rẹ̀ oko ẹran ìgbẹ́ kan ní Nazinga, ní gúúsù orílẹ̀-èdè tó di Burkina Faso lónìí, nítòsí ààlà Ghana. Ẹ rí i pé iṣẹ́ ìdílé ni tiwọn náà. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, igbó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Àwọn tó ń pẹran láìgbàṣẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹran inú rẹ̀ tán, ọ̀dá sì ti lé ìyókù lọ. Ìbọn kọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Omi ni. Wọ́n sé àwọn odò kéékèèké kí omi lè dúró nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí ẹran tí kò bá rómi mu nínú oṣù kejì ọdún kò ní dúró de ẹnikẹ́ni dìgbà òjò. Wọ́n ṣètò bí wọn yóò ṣe máa dáná sun koríko lásìkò, kí titun lè hù. Wọ́n gba àwọn ará abúlé tó wà ní àyíká síṣẹ́, títí kan àwọn tó ti ń ṣọdẹ nínú igbó náà tẹ́lẹ̀, nítorí ẹni tó mọ ọ̀nà tí ẹran ń gbà ló mọ ọ̀nà tí olè ń gbà. Wọ́n ń ka ẹran. Ọdọọdún ni wọ́n ń kà á. Nígbà tí ẹran pọ̀ tán ni wọ́n tó sọ pé kí àwọn tó fẹ́ yìnbọn wá sanwó, iye kan pàtó ni wọ́n sì lè pa nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn abúlé rí ẹran jẹ níbẹ̀, wọ́n rí iṣẹ́ ṣe. Nígbà tó yá, ó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba. Erin tó wá ń gbé Nazinga pọ̀ débi pé òun ni àwọn arìnrìn-àjò ń torí rẹ̀ lọ síbẹ̀.

Ẹ kíyè sí bó ṣe tò tẹ̀ léra, ẹ̀gbọ́n: omi, koríko, ará abúlé, kíkà, lẹ́yìn náà ìbọn. Tiyín, ìbọn ló wà lójú ìwé kìíní. Omi kò sí níbì kankan, àfi bí ẹ bá ka odò ìwẹ̀ tí ẹ fẹ́ gbẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọtí.

Mi ò sọ pé gbogbo nǹkan ló dùn níhà ibẹ̀ o. Àwọn agbébọn ti ba ọ̀pọ̀ igbó ọdẹ jẹ́ ní Burkina Faso. Ní Pendjari, ní orílẹ̀-èdè Benin, ní oṣù karùn-ún 2019, wọ́n jí ará Faransé méjì tó wá wo ẹranko gbé, wọ́n sì pa afinimọ̀nà wọn tó jẹ́ ọmọ Benin. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń ro ti ààbò, ẹ ro ó jinlẹ̀ ju ti alángbá lọ.

Tiwa náà ní Nàìjíríà, a ní èyí tí a lè fi kọ́gbọ́n. Àwọn ará Scotland ló dá ránṣì Obudu sílẹ̀ ní 1951, lórí òkè, fún màlúù. Lónìí, bí ẹ bá dárúkọ Obudu, òtẹ́ẹ̀lì àti ọkọ̀ orí wáyà ló ń wá síni lọ́kàn. Ó ti pẹ́ tí màlúù ti kúrò nínú ọ̀rọ̀. Yankari ní Bauchi di igbó ẹran tí ìjọba dáàbò bò ní 1956, wọ́n sì ṣí i fún aráàlú ní 1962. A kì í lọ yìnbọn ní Yankari. Àwọn èèyàn ń lọ wo erin, wọ́n ń wẹ̀ nínú omi ìlọ́wọ́ọ́wọ́ Wikki, wọ́n sì ń fi ayọ̀ padà sílé. Ẹ rí i pé èèyàn lè sanwó láti wo ẹran láìpa á.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan tí mo mọ̀ pé yóò dùn yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu omi díẹ̀.

Ẹ kọ ọ́ pé ẹ fẹ́ “dá igbó padà fún ọmọ Yorùbá.” Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mọ Wáàfù ju gbogbo wa lọ. Ẹ mọ ohun tó ń gba ibẹ̀ wọlé, ẹ mọ ohun tó ń gba ibẹ̀ jáde. Ní oṣù kìíní 2021, ní èbúté Apapa níbẹ̀, Kọ́sítọ́ọ̀mù dá kọ̀nténà ẹlẹ́sẹ̀ ogún kan dúró. Ohun èlò àga àti tábìlì ni wọ́n kọ sórí ìwé rẹ̀. Gẹdú ni wọ́n sì tò síwájú. Nígbà tí wọ́n tú u, àpò 162 ìpẹ́ akika ni wọ́n bá nínú rẹ̀, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kílógíráàmù 8,800, pẹ̀lú àpò 57 mìíràn tó kún fún eyín erin, egungun kìnnìún àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Vietnam ni wọ́n ń kó o lọ. Ní nǹkan bí ọdún méjì ṣáájú ìyẹn, nínú oṣù kẹrin 2019, Singapore gba ìpẹ́ akika tọ́ọ̀nù 12.9 àti tọ́ọ̀nù 12.7 láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Nàìjíríà ni kọ̀nténà méjèèjì ti wá. Wọ́n pe ọ̀kan ní ẹran màlúù dídì.

Àwọn tí kò rí akika rí, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Ẹran kékeré tí ìpẹ́ bo láti orí dé ìrù ni. Èèrà àti ikán ló ń jẹ, kò léyín lẹ́nu. Bí ẹ̀rù bá bà á, yóò ká ara rẹ̀ jọ róbótó, kò sì ní sá. Ó máa ń ṣòro fún ẹkùn láti tú u. Ṣùgbọ́n èèyàn kàn máa ń bẹ̀rẹ̀ ni, á gbé e sínú àpò. Ìdáàbòbò tí Ọlọ́run fún un ló di ohun tó ń pa á. Láti ọdún 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé ti fohùn ṣọ̀kan ní Johannesburg pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe òwò ẹ̀yà akika mẹ́jọ tó wà láyé láti ilẹ̀ kan sí òmíràn. Nàìjíríà náà ní òfin tirẹ̀ láti 1985, wọ́n sì tún un ṣe ní 2016. Kọ̀nténà ṣì ń lọ.

Mi ò ní ẹ mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ kí lọ́yà yín lè gbọ́: mi ò ní ẹ mọ̀ nípa rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀yin tí ẹ lo gbogbo ayé yín níbi tí igbó ti ń jáde kúrò nílẹ̀ yìí lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, gẹdú lónìí, ìpẹ́ lọ́la, ẹ ti ń wo ibi kan náà tí ojú gbogbo wa ń wò: iye owó tó wà lórí ìwé. Ẹ sì wá ra ilẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, ẹ ní ẹ fẹ́ lọ wá igbó. Igbó ti kọjá lẹ́nu ọ́fíìsì yín, ẹ̀gbọ́n. Ìsáǹsá ni ẹ ń lépa.

Ẹ sì wò ó, Ẹ̀pẹ́ tí ẹ yàn yẹn, ilé ẹni tó yẹ kí ẹ fi ṣe àwòkọ́ṣe ni. Olóògbé Olóyè Shafi Lawal Edu, ọmọ Ẹ̀pẹ́ gidi, oníṣòwò ńlá tó lówó ju gbogbo klíà Wáàfù lọ, òun ló ṣáájú dídá àjọ tó ń dáàbò bo ẹ̀dá inú igbó sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1980. Àjọ yẹn ló ṣe ọgbà ìdáàbòbò Lekki ní 1990, ilẹ̀ hẹ́kítà 78, tí ọ̀bọ, ọ̀nì àti ẹyẹ ṣì ń gbé láàárín ilé ńláńlá. Ní 2015, wọ́n tún ta afárá gígùn mítà 401 sórí igi níbẹ̀, tí èèyàn ń rìn kọjá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Kò sẹ́ni tó ń yìnbọn níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹ lọ wo èrò lọ́jọ́ ọdún.

Bí ẹ bá sì fẹ́ rí igbó tó ṣì jẹ́ igbó, kò jìnnà sí yín. Igbó ọba Omo wà ní Ìjẹ̀bú, erin ṣì wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni o, erin gidi, ní ìrìn wákàtí mélòó kan sí tírélà Creek Road. Àwọn kan tó ti fi ìbọn jẹun níbẹ̀ rí ló di olùṣọ́ igbó báyìí. Àwọn wọ̀nyẹn ló yẹ kí ẹ fi káàdì ìdánimọ̀ fún.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń sọ ọ́ nínú ọkàn yín pé, “Kí ló kàn án? Ará Ajégúnlẹ̀ tí kò lówó tí yóò fi wọlé.” Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyẹn.

Ní ìkànìyàn 2006, àjọ ìjọba àpapọ̀ ka èèyàn 684,105 ní ìjọba ìbílẹ̀ Ajeromi-Ifelodun. Ìjọba Èkó ka tiwọn, wọ́n ní àwọn rí ju ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí ó wù kó jóòótọ́, ilẹ̀ tí gbogbo wa wà lórí rẹ̀ fi díẹ̀ lé ní kìlómítà onígun mẹ́rin méjìlá. Wọ́n ń pe àdúgbò wa ní Jungle City, ìlú igbó. Ẹ wá igi fún mi láti Boundary dé Mobil Road, kí ẹ kà á. Ọmọ tí wọ́n bí sí ẹ̀yìn Ojo Road lè pé ọdún mẹ́wàá láìfẹsẹ̀ kan ilẹ̀ tí koríko hù sí, àfi bí bọ́ọ̀lù bá gbé e dé pápá Maracana, ìyẹn náà, yanrìn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹyẹ tí ó mọ̀ ni lékeléke tó ń ṣa ìdọ̀tí jẹ lẹ́bàá kánààlì. Tó bá kọjá sí Apapa, ọgbà ìdárayá wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń yí gbirigbiri ni wọ́n ń gùn níbẹ̀. A tún ní Tarkwa Bay, etíkun tí mẹ̀kúnnù lè wọ ọkọ̀ ojú omi lọ kó fẹsẹ̀ kan omi. Ní oṣù kìíní 2020, àwọn ológun ojú omi lé àwọn ará ibẹ̀ jáde nínú ilé wọn.

Nínú gbogbo èyí, ẹ rán ọmọ kan wá sí Boundary pé kó fún wa ní ìwé. Iye owó tí ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún yóò san kí wọ́n tó kọjá géètì yín, láìtíì ka ẹṣin, láìtíì ka ọta ìbọn, ó ju ₦70,000 tí ìjọba àpapọ̀ fi ṣe owó oṣù tó kéré jù lọ ní 2024. Òṣìṣẹ́ á ṣiṣẹ́ oṣù kan gbáko, kò ní jẹun, kò ní san owó ilé, kó lè wá gbọ́ ohùn àparò. Ẹ̀yin tí ẹ ní igi máńgòrò nínú ọgbà yín ní GRA lẹ wá ń ta òjìji fún ara yín. Kí wá nìdí tí ìwé fi dé Boundary? Mo rò ó títí, n kò rí ìdáhùn. Bóyá ẹ kàn fẹ́ ká mọ̀ pé ẹ ti dé ibẹ̀ ni. A ti mọ̀. Ẹ kú oríire lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀gbọ́n, mi ò fẹ́ kí oko yín kú. Ká má purọ́, mo fẹ́ràn bí ọmọ Ajégúnlẹ̀ kan ṣe jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tó ní igbó ń wu òun, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ra ilé sí Dubai. Ohun tó dára ló wà nídìí rẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ fi ìbọn bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Èmi ni mo ń fọn tiyín yìí o, ẹ gbọ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ kọjá láìsí ìbọn kankan ní oko yẹn. Ẹ ṣe omi. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ tí wọ́n ti ro di igbó padà, ẹ má fi kóńkéré bò ó. Ẹ lọ bá ẹgbẹ́ ọdẹ àgbègbè yẹn jókòó, ẹ gba àgbà ọdẹ méjì tàbí mẹ́ta síṣẹ́ tí yóò máa mú àlejò rìn nínú igbó lóru pẹ̀lú iná orí, tí yóò fi ipa ẹsẹ̀ ẹtà hàn wọ́n, tí yóò dá wọn dúró tí yóò ní kí wọ́n fetí sílẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn ló ń ṣe ọdẹ gẹ́gẹ́ bí baba ńlá tiwọn gan-an. Owó tí àlejò yóò san fún ìyẹn ju ti ọ̀yà tí wọ́n tú nínú àgò lọ. Bí ẹran bá wá pọ̀ lọ́jọ́ iwájú tí ẹ kà á tó sì tó, ẹ gba àṣẹ, kí ẹ wá sọ ti ìbọn.

Èkejì, ọjọ́ kan nínú oṣù, kí géètì yín ṣí lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ọmọ àwọn ilé ìwé Tolu, ládùúgbò wa níhìn-ín. Ẹ ní tírélà tó ń padà láti Apapa lófìfo. Mo mọ̀ pé ẹ lè rí bọ́ọ̀sì kan. Ilé ìwé kan lóṣù, kí ó máa yí ká. Ẹ má bẹ̀rù pé wọn ò ní mọ bí wọn yóò ṣe ṣe. Ẹ̀yin náà kò mọ̀ nígbà tí ẹ dé GRA.

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá gba irú ìwé ìpolówó yìí ní Boundary, ní Mile 2 tàbí níbikíbi, ẹ yí i padà kí ẹ tó sanwó. Bí ìbọn bá wà lójú ìwé kìíní tí omi kò sì sí níbì kankan nínú rẹ̀, ẹ fi owó yín ra bàtà ọmọ.

Ẹ bá mi kí ìyàwó wa. Ẹ ní kí ọ̀gá ààbò fọkàn balẹ̀, alángbá kì í jẹ èèyàn.

Èmi ni àbúrò yín,
láti Ojo Road, Ajégúnlẹ̀.